Fẹ́lóṣíìpù fún PhD lórí ìtàn àwọn Júù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, PhD lórí àwọn Júù Jámánì láàárín 1871 sí 1933 ló wà lọ́kàn mi, ibo ni mo ti lè rí fẹ́lóṣíìpù, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún ìwádìí?

Èsì: Ẹ wo Leo Baeck Fellowship, Studienstiftung, àjọ ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti Jámánì, àti Leo Baeck Institute London, ilé ìwádìí lórí ìtàn àwọn Júù Jámánì, ló jọ ń ṣe é, iṣẹ́ yín gan-an ni wọ́n ń wá.

Èsì: Center for Jewish History ní New York náà ń fún àwọn tó ń ṣe PhD ní fẹ́lóṣíìpù, YIVO, ilé ìwádìí ìtàn Júù tó ti ìlú Vilna (Vilnius, Lithuania lónìí) wá, wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́ Kurrent, ìkọ̀wé àtijọ́ àwọn Jámánì, torí láìsí i ẹ ò ní lè ka lẹ́tà wọn, ó ṣe pàtàkì gan-an!

Ìbéèrè: Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé èèyàn lè kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Èsì: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí.