Ṣé fíìmù àti géèmù nìkan ni motion capture wà fún?

Ayàwòrán_Ìbàdàn:
Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Animation, àwòrán tó ń rìn, ni mò ń kọ́, Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é, ni mo sì ń lò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni motion capture, kí èèyàn wọ aṣọ tí wọ́n lẹ bọ́ọ̀lù kéékèèké mọ́, kí kámẹ́rà máa ká ìrìn rẹ̀, kí ẹni inú kọ̀ǹpútà sì máa rìn gẹ́lẹ́ bíi tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n má fi àkókò mi ṣòfò, pé àwọn onífíìmù ńlá nìkan ló ń rí i lò. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló tún ń lò ó?

Ọmọ_Ẹ̀gbá:
Àbúrò, ṣé o wo Ife Àgbáyé Qatar 2022? Kámẹ́rà 12 ni wọ́n so sábẹ́ òrùlé pápá, tí wọ́n ń ṣọ́ ojú àmì 29 lára agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí bọ́ọ̀lù àmì lára ẹnikẹ́ni o. Sẹ́ńsọ̀ tún wà nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá, òun ló ń sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ kàn án gan-an. Ohun tí wọ́n fi wọ́gi lé gólù tí Enner Valencia, agbábọ́ọ̀lù Ecuador, kọ́kọ́ forí kàn wọlé Qatar nìyẹn, offside ni. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i nínú gbogbo àwa tá a jọ ń wò ó.

Ìyá_Ìbejì_UK:
Àbúrò mi, kú iṣẹ́. Physio ni mí, ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, níbi tá a ti ń yẹ ìrìn àwọn ọmọ wò. Irú kámẹ́rà tí àwọn onífíìmù ń lò náà là ń lò.

Àwọn ọmọ tó ní cerebral palsy ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ọpọlọ wọn ló fara pa kí wọ́n tó bí wọn tàbí nígbà tí wọ́n wà ní ìkókó, iṣan ẹsẹ̀ wọn sì máa ń le. Òmíràn á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, orúnkún òmíràn kì í nà tán. Dókítà oníṣẹ́ abẹ fẹ́ mọ̀ bóyá iṣan ẹ̀yìn itan ló yẹ kóun dẹ̀, àbí eegun itan fúnra rẹ̀ ló lọ́. Ojú lásán ò lè yanjú ẹ̀, torí ìbàdí, orúnkún àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń yí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ á wọ ṣòkòtò péńpé. Màá fi ìka wá eegun tó yọ níwájú ìbàdí, ẹ̀gbẹ́ orúnkún àti kókósẹ̀, màá wá fi téèpù lẹ bọ́ọ̀lù tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mìlímítà 14 lọ mọ́ ọn. Bí bàtà bá ní ohun tó ń dán lára, a ó bò ó, kí kámẹ́rà má bàa pè é ní bọ́ọ̀lù. Àwọn kámẹ́rà tó yí yàrá ká ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú wa ò rí, bọ́ọ̀lù sì ń dá a padà sí wọn. Ó kéré tán, kámẹ́rà méjì gbọ́dọ̀ rí bọ́ọ̀lù kan kí kọ̀ǹpútà tó mọ ibi tó wà. Irin pẹlẹbẹ kan tún wà tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, tó ń wọ̀n bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ ilẹ̀ tó. A kì í sọ fún ọmọ pé ó wà níbẹ̀. Bó bá mọ̀, á máa na ẹsẹ̀ kó lè tẹ̀ ẹ́, ìrìn yẹn ò sì jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ tiwa ti yàtọ̀ sí tiyín rèé. Bí ẹsẹ̀ bá ń yọ̀ nínú fíìmù, ẹ ó fà á bọ̀ sípò lórí kọ̀ǹpútà, kò burú, kó ṣáà dùn ún wò. Lọ́dọ̀ wa, ewu ni. Bí bọ́ọ̀lù itan bá yẹ̀ díẹ̀ péré, kọ̀ǹpútà á gbà pé orúnkún kọjú síbi tí kò kọjú sí, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé eegun itan lọ́ nígbà tí kò lọ́. Ìwé yẹn ni dókítà máa wò kó tó gé eegun ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà, bí mo bá rí ohun tó rú mi lójú, màá tú u, màá tún un lẹ̀, ọmọ á tún rìn. Ó máa ń sú wọn, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n. Mi ò jẹ́ fi ọwọ́ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà láé.

Ará_Jámánì:
Ẹ kú iṣẹ́ ńlá o, Ìyá Ìbejì. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ń lò ó, wọ́n fi ń wo bí òṣìṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń nawọ́ sókè, kí wọ́n lè tún ibi iṣẹ́ tò kí ẹ̀yìn má bàa máa dun èèyàn. Aṣọ tó ní sẹ́ńsọ̀ nínú ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, kò nílò kámẹ́rà. Wàhálà rẹ̀ ni pé irin tó pọ̀ láyìíká lè da sẹ́ńsọ̀ náà rú.

Ayàwòrán_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣé, sà. Iṣẹ́ ti Ìyá Ìbejì yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Àmọ́ fóònù nìkan ni mo ní. Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_UK:
Fóònù tó. MediaPipe, ètò kọ̀ǹpútà ti Google, ò gbowó, kámẹ́rà kan ṣoṣo ló nílò, ó sì ń tọ́ka ojú àmì 33 lára èèyàn. Bó o bá rí iPhone méjì yá, wo OpenCap tí àwọn ará Yunifásítì Stanford ṣe, òun ń ṣírò bí oríkèé ṣe ń ká. Ilé ìwòsàn ò ní gé eegun lórí ohun tí MediaPipe bá sọ o, ṣùgbọ́n wàá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Kọ́ nípa eegun náà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Fọwọ́ kan kókósẹ̀ tìrẹ, kó o mọ ibi tó yọ sí.

Kọ́kọ́ ya ẹnì kan tó ń dìde lórí àga, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tí àmì orúnkún bá ti fò kúrò lára orúnkún, fi àwòrán rẹ̀ síbí, ká jọ wò ó.