Ta ló yẹ kó fọwọ́ sí i ká tó kó àwọn ọmọ yúùtù lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà?

Bọ̀dá_Yúùtù_Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa n'Íbàdàn, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17, wọ́n jẹ́ 34. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu pé ká lọ síbi omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ká gun òkè yẹn, ká lúwẹ̀ẹ́, ká sun ibẹ̀ mọ́jú, mo wá fi sí oṣù kẹjọ torí ìgbà yẹn ni iléèwé máa gba ọlidé.

Mo lọ bá pásítọ̀ wa, bàbá ní kò sí wàhálà, ẹ gbàdúrà kẹ́ ẹ máa lọ. Gbogbo ìyọ̀ǹda tí mo rí gbà nìyẹn. Mo wá tẹ fọ́ọ̀mù kan fún àwọn òbí, orúkọ ọmọ, orúkọ òbí, nọ́ńbà fóònù, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "ìjọ ò ní jẹ̀bi ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀", kí wọ́n wá sáìnì. Òbí 29 ti dá tiwọn padà, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ kà á.

Ìyá kan ló kọ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, fọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti ká a sí mẹ́rin, ó ní "Bọ̀dá, tí òjò bá ká yín mọ́ òkè, ta ló máa sọ pé ó tó, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Látọjọ́ náà mi ò sùn dáadáa. Ṣé fọ́ọ̀mù mi yẹn tó? Àgbàlagbà mélòó ló yẹ kó tẹ̀ lé wa? Ta gan-an ló yẹ kó fọwọ́ sí irú ìrìn àjò báyìí?

Àgbà_Scout

Àbúrò, ẹ kú ìrònú. Ẹ kọ́kọ́ yọ ìlà "ìjọ ò ní jẹ̀bi" yẹn kúrò. Òbí tó sáìnì ń sọ pé òun mọ ibi tọ́mọ òun ń lọ àtohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ ni, kò sọ pé kí wọ́n fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọmọ òun. Ìlà yẹn ò lè dáàbò bo ọmọ kankan, ẹ̀yin gan-an ló máa tàn jẹ, ẹ ó máa rò pé ẹ ti ṣètò nígbà tẹ́ ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá Scout ládùúgbò wa, a kó ọmọ 20 lọ sí Adó-Àwáyè, ká lọ wo adágún tó wà lórí òkè níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta yẹn lé ní 300, tó bá sì ti tutù, ó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ojú ọ̀run ṣú nígbà tá a dé ìdajì. Ọmọkùnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́, kò ju ọmọ ọdún 22 lọ nígbà yẹn, ó sún mọ́ mi ó ní "Sà, ẹ jẹ́ ká padà." Mo ní ká máa lọ. Torí owó bọ́ọ̀sì tá a ti san, torí àwọn ọmọ ń kọrin, torí ojú ń tì mí láti yí padà níwájú wọn. Òjò ká wa mọ́ orí àpáta. Ọmọ kan yọ̀, ó fapá balẹ̀, mo gbọ́ ìró egungun yẹn, ó ṣì wà létí mi dòní. A gbé e sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a débi ọkọ̀, a ò rí dírẹ́bà, ó ti lọ jẹun nílùú, fóònù ẹ̀ sì ti kú.

Látọjọ́ náà, kí n tó kó ọmọ jáde, mo máa ń kọ orúkọ àgbàlagbà méjì sínú ìwé, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ló lè sọ pé "a padà", tó bá ti sọ ọ́ ọ̀rọ̀ ti tán, ẹnì kejì ò gbọdọ̀ jiyàn, bó tiẹ̀ jẹ́ èmi ọ̀gá ni ẹnì kejì ọ̀hún. Ìdáhùn ìbéèrè ìyá yẹn nìyẹn. Dírẹ́bà ò sì gbọdọ̀ kúrò nídìí ọkọ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí mànàmáná, ẹ máa kà á, tí àrá bá sán kẹ́ ẹ tó ka sẹ́kọ́ńdì 30, ẹ kúrò lórí òkè, ẹ kúrò nínú omi, ẹ má sì padà síbẹ̀ títí 30 mínìítì á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Ẹ tún lọ gun òkè yẹn fúnra yín kẹ́ ẹ tó kó ọmọ ẹni ẹlẹ́ni lọ, ẹ má fi fótò tẹ́ ẹ rí lórí Facebook ṣe.

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Bọ̀dá Yúùtù, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ojú iṣẹ́ mi ni n ó fi sọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù yín ò béèrè genotype! Ọmọ tó jẹ́ SS, tó bá gun òkè tó ti rẹ̀ ẹ́, tí ò mumi tó, tó wá kó sínú omi tútù gbọ̀ọ̀ yẹn, kíráísìsì lè gbé e lórí àpáta níbi tí ọkọ̀ ò lè dé. Mi ò sọ pé kó má lọ o. Kó lọ, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀, kó máa mumi látinú bọ́ọ̀sì, kó má wọnú omi yẹn, kó ní súẹ́tà lọ́wọ́, kí oògùn ẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹ béèrè ikọ́ fée (asthma) náà, ẹ béèrè gìrì, ẹ béèrè oúnjẹ tí ara ọmọ ò gbà. Inhaler ò gbọdọ̀ wà nínú báàgì tẹ́ ẹ fi sínú bọ́ọ̀sì nísàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà lára ọmọ tàbí lọ́wọ́ àgbà tó ń tẹ̀ lé e.

Ẹ ò gbọdọ̀ rò pé ẹni tómi ń gbé lọ á pariwo. Kì í pariwo. Orí ẹ̀ á kàn máa wọlé á máa jáde, kò ní rí èémí fi pe ẹnikẹ́ni. Torí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tí ò ní lúwẹ̀ẹ́ rárá, tí ò ní tẹ fóònù, omi nìkan ni kó máa wò. Tí ejò bá sì bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi abẹ fín in, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kẹ́sẹ̀ yẹn má mira, kẹ́ ẹ gbé e lọ ọsibítù kíákíá. Wesley Guild wà ní Iléṣà, ẹ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí wàhálà tó dé.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀gbọ́n, ilé wa ni ibẹ̀ yẹn, ẹ máa bọ̀, a ó gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ kọ́. Ìpele méje ni omi Olúmirin, ìpele àkọ́kọ́ ni èrò máa ń pọ̀ sí, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ibẹ̀ òkè ọ̀hún ga, ewéko tútù wà lára òkúta, gbòǹgbò igi lẹ máa máa dì mú. Lásìkò òjò omi yẹn máa ń ya wá gan-an ni, òjò sì lè máa rọ̀ lókè réré tí oòrùn ṣì ń ràn lórí yín nísàlẹ̀. Àmì tá a máa ń wò ni pé tí omi bá ṣàdédé pọ́n bí omi ẹrẹ̀, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewé àti igi wẹ́wẹ́ wá, ẹ ò gbọdọ̀ dúró kó bàtà, ẹ jáde.

Ẹ wá ní oṣù kọkànlá tàbí oṣù kìíní. Omi á kéré díẹ̀, àwọn ọmọ á sì gbádùn ẹ̀. Ẹ gba ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà, kí àwọn ọmọ ọdún 11 ọ̀hún má kọjá ìpele kejì. Ẹ má sun ibẹ̀ mọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbéra ní aago mẹ́ta ọ̀sán kílẹ̀ tó ṣú sójú ọ̀nà. Tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, 122 ni nọ́ńbà àwọn Road Safety, 112 sì wà náà.

Àǹtí_Peckham

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ń ṣe fọlọntíà pẹ̀lú Scout ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó ti pẹ́ díẹ̀. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa ni pé kì í ṣe ìrìn àjò nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ sí, ẹni tó máa kó ọmọ lọ ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Tó o bá fẹ́ kó wọn lọ sùn níta, o gbọ́dọ̀ ní permit, ìwé àṣẹ tìẹ, fún un, ẹnì kan á wá wò ó bó o ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó fún ẹ. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi tàbí àpáta gígun, permit míì ni. Mo lè mọ ọkọ̀ wà kí n má mọ òkè gùn, ìwé kan ò bo èkejì. Ìyẹn ló ṣe wù mí kí pásítọ̀ yín bi yín léèrè pé "kí lo mọ̀ nípa omi?" kó tó sọ pé kò sí wàhálà.

Ní ti iye àgbàlagbà, fún àwọn ọmọ bí ọdún 11 sí 14, àgbà kan sí ọmọ 12 ló kéré jù tá a bá wà níta, àwọn ọmọ ọdún 8 sí 10 kan sí 8, àwọn ọmọ 6 sí 8 kan sí 6. Fún ibi tómi wà, èmi á fi kún un.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó fa òfin. Ní March 22, 1993, ọmọ iléèwé mẹ́jọ àti tíṣà wọn láti Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, wọ kayak, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, lórí òkun ní Lyme Bay pẹ̀lú àwọn méjì tó ń kọ́ wọn láti ibùdó kan tó ń gbowó mú ọmọ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé wọn kúrò létí òkun, ọkọ̀ ń dojú dé. Wọn ò ní iná tí wọ́n lè yìn sókè káwọn èèyàn rí wọn, ọ̀pọ̀ wákàtí sì kọjá kẹ́ni tó ń retí wọn tó pe àwọn adóòlà. Ọmọ mẹ́rin kú. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn méjì tó ti ṣiṣẹ́ ní ibùdó yẹn tẹ́lẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú pé tí wọn ò bá tún nǹkan ṣe, ẹ̀mí máa ṣòfò. Wọ́n rán ọ̀gá yẹn lẹ́wọ̀n. Ní 1995 ìjọba ṣòfin pé ibi tó bá ń gbowó mú ọmọ tí ò tíì pé 18 lọ gun òkè tàbí lọ sórí omi gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì.

Nítorí ẹ̀ la ṣe máa ń fi ẹnì kan sílé, tí ò ní bá wa lọ rárá. Orúkọ gbogbo ọmọ, nọ́ńbà gbogbo òbí, nọ́ńbà bọ́ọ̀sì àti aago tó yẹ ká dé máa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tá ò bá pè é láago yẹn, òun lá bẹ̀rẹ̀ sí í wá wa.

Bọ̀dá_Yúùtù_Ìbàdàn

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bá wa wo àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ti Adó-Àwáyè yẹn fún pásítọ̀ wa, bàbá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, àwọn àti alága ìgbìmọ̀ òbí á kà á kí wọ́n tó sáìnì. A ti sún un sí Sátidé kan ní oṣù kọkànlá, a ò sùn níbẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà mẹ́fà ló ń lọ, méjì nínú wọn mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, èmi ò mọ̀ ọ́n, mo kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Orúkọ méjì tó lè sọ pé "a padà" wà lójú ìwé àkọ́kọ́. A ti bá onímọ́tò sọ ọ́ pé tójò bá dá wa padà, kó má gba owó ìrìn ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ wa.

Mo kó fọ́ọ̀mù tuntun lọ bá ìyá yẹn nílé. Ó jókòó ó kà á látòkè délẹ̀, ó wá kọ SS síwájú orúkọ ọmọ ẹ̀. Ọmọ yẹn ti wà lọ́wọ́ mi fọ́dún méjì, mi ò mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ òun ni kó dúró nílé pẹ̀lú ìwé orúkọ, ó gbà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sínú inbox yín, Tọ́sìdé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ wá gun ún wò, èmi àti ẹnì kejì. Ẹ bá mi wá ẹni tó mọ ọ̀nà.