Ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara: ṣé àjogúnbá ni?

Àdùkẹ́_K
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀: bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá ń jẹ́ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n rán an, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì já gaara, tí bàbá rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ ní kékeré, ṣé àjogúnbá nìyẹn? Bí èsì microarray, àyẹ̀wò DNA kan, bá ní kò sí nǹkan, ṣé ọ̀rọ̀ parí?

Ojúlé_Etí
Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe ká pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ. Ọmọ tí kò gbọ́ ìró tó tín-ín-rín á gbọ́ àtẹ́wọ́, á gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀, àmọ́ s, ṣ àti f á máa fò ó. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ yẹn, ọwọ́ àti ojú yín ló lè máa wò.

Adé_DNA
Ó lè jẹ́ àjogúnbá, àmọ́ ẹ má fi ojú AS àti SS wò ó. Kí ọmọ tó jẹ́ SS, bàbá àti ìyá ló jọ fún un. Ti FOXP2, jíìnì kan lórí krómósómù 7, ẹyọ kan tó bàjẹ́ ti tó. Òbí kan tó bá ní i, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí. Lára ẹbí kan ní London tí wọ́n ń pè ní KE ni wọ́n ti rí i ní 2001: ìran mẹ́ta, bí ìdajì wọn kò lè to ìró ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ló yí padà.

Ìyẹn gan-an ni microarray kò lè rí. Ibi tí DNA ti já sọnù tàbí tó di ìlọ́po ló ń wá, irú bíi 16p11.2 (ibì kan lórí krómósómù 16), ó ń ka iye ojú ewé, kò ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Sequencing, ìyẹn kíka DNA ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ló ń kà á. Fragile X, àrùn àjogúnbá kan tó ń fa ìdàgbàsókè ọmọ sẹ́yìn, tún ní àyẹ̀wò tirẹ̀: lẹ́tà DNA CGG tó tò léra ni wọ́n ń kà, bó bá ju 200 lọ, jíìnì FMR1 á dákẹ́.

Báyọ̀_Tẹ́rápì
FOXP2 ṣọ̀wọ́n o. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí èdè ò tètè yọ̀ lẹ́nu wọn, jíìnì púpọ̀ ló ń dá kún un díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹyọ kan tí èèyàn lè nàka sí. Ẹ ní kó sọ "bàtà" lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bó bá jẹ́ "tàtà" ní gbogbo ìgbà, àṣìṣe ìró lásán ni. Bó bá di "tàtà", "bàpà", "àtà", tí ètè rẹ̀ ń wá ibi tó máa gbé sí, ẹ fura sí apraxia, ìyẹn kí ọpọlọ má lè to ìró ọ̀rọ̀ fún ẹnu. Bí wárápá bá wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n ka jíìnì GRIN2A náà.

Àdùkẹ́_K
Àwọn kan ní kí àwọn òbí rẹ̀ pa Yorùbá tì nílé ńkọ́?

Báyọ̀_Tẹ́rápì
Rárá o! Èdè méjì kì í fà á. Ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún tó ń lò lójúmọ́, bíi "wá", "gbà", "omi". Kó máa wo ẹnu yín, ẹ fà á díẹ̀, kó tún un sọ lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n torí apraxia gé abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ọpọlọ ló ń tò ó, kì í ṣe abẹ́ ahọ́n.