Kí ló dé tí wọ́n gé Kilimanjaro àti Dakar kúrò nínú fíìmù Zeta Gundam?

Àdùkẹ́ Zeta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ fíìmù Zeta Gundam, eré àwòrán ilẹ̀ Japan nípa ogun àwọn ẹ̀rọ ńlá tí èèyàn ń wà, ni mo bá wá, àwọn mẹ́ta tí wọ́n pè ní A New Translation, pàápàá ìkejì, Lovers. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, ẹ jọ̀ọ́, kó dúró níbí, nítorí mo máa sọ ẹni tó kú àti ibi tó kú sí.

Eré orí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, ẹ̀písóòdù 50, ni mo kọ́kọ́ wò tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo lè fi ohùn Kamille, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, nìkan mọ̀ bóyá inú ń bí i ni tàbí ẹkún ló fẹ́ sun. Nígbà tí mo gbọ́ pé Yoshiyuki Tomino, olùdarí eré náà, fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ jọ sí fíìmù mẹ́ta láàárín 2005 sí 2006, tayọ̀tayọ̀ ni mo jókòó tì í. Ìkíní ò burú. Ìtàn sáré, àmọ́ ibi tó parí sí, níbi tí Amuro àti Char, ọ̀tá ara wọn láti inú Gundam àkọ́kọ́, ti tún fojú kan ara wọn, wọ̀ mí lára gan-an.

Ìkejì ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Nínú ti tẹlifíṣọ̀n, Kamille àti Four, ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ ọ̀tá tí ó nífẹ̀ẹ́, pàdé ní New Hong Kong, wọ́n pínyà, a rò pé ó ti tán, àfi bí wọ́n ṣe tún ríra ní Kilimanjaro. Ibẹ̀ ni Jerid, ọmọ ogun Titans tí Kamille ń bá jà, ti kọlu Kamille, tí Four fi Psyco Gundam, ẹ̀rọ ńlá tó ń wà, dí i, tó sì kú síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dakar. Char, tó ti ń fi orúkọ Quattro bo ara rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, dúró níwájú ìgbìmọ̀ Ìjọba Àpapọ̀ Ayé, ó là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ Zeon Deikun, aṣáájú tó jà fún òmìnira àwọn tó ń gbé ojú òfurufú, lòun. Níta, àwọn Titans ń jà láàárín ìlú kí wọ́n lè pa á lẹ́nu mọ́, kámẹ́rà ń gbé e jáde, aráyé ń fojú ara wọn rí irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Nínú fíìmù, kò sí Kilimanjaro, kò sí Dakar. Four kú sí New Hong Kong, ìtàn gbéra, ó di ojú òfurufú.

Èmi ọmọ Nàìjíríà, ó kàn mí. Àwọn ará Japan jókòó, wọ́n ń ro ayé ọjọ́ iwájú, wọ́n wá gbé ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso gbogbo ayé sí Dakar, ní Senegal, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa níbí. Orí mi wú lọ́jọ́ tí mo rí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀bẹ wọn wá dé. Ṣé ìdí kan wà ni, àbí àyè ni kò gbà á? Ṣé kí n tiẹ̀ wo ìkẹta?

Ẹ̀gbọ́n Mẹ́ka

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Àyè ni kò gbà á, ẹjọ́ àwọn tó pín in sì ni. Gundam àkọ́kọ́ ti 1979, ẹ̀písóòdù 43 péré ni. Fíìmù mẹ́ta tí wọ́n fi ṣe ní 1981 àti 1982, ọ̀kọ̀ọ̀kan ju wákàtí méjì lọ. Zeta gùn jù ú lọ, síbẹ̀ fíìmù tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Wàá rí i pé ìtàn tó pọ̀ jù ni wọ́n fún ní àkókò tó kéré jù.

Ohun mìíràn tún wà. Yoshikazu Yasuhiko, ayàwòrán àwọn èèyàn inú Gundam, ṣàìsàn nígbà tí eré 1979 yẹn ń parí lọ, àwòrán ìparí kò dà bó ṣe yẹ. Nígbà tí fíìmù kẹta dé, ara rẹ̀ ti yá, ó padà ya ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ́tun. Ẹni tó ti wo ti tẹlifíṣọ̀n rí nǹkan tuntun tó tọ́ sí i gbà níbẹ̀. Kí ni Lovers fún ìwọ tó o ti wo 50?

Délé Ayàwòrán

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Tèmi ni pé ojú mi ò lè gba àwòrán yẹn. Wọ́n po ti 1985 pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, wọ́n wá sọ tuntun di ogbó kí ó lè bá ti àtijọ́ mu. Kò bá a mu. Kamille á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn pẹ̀lú ojú kan, á parí rẹ̀ pẹ̀lú òmíràn. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbùú àti lóòró. Kó tó lè kún ojú fíìmù tó fẹ̀, wọ́n ní láti gé e lókè nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohùn Four ńkọ́? Saeko Shimazu ló ń fọhùn fún un tẹ́lẹ̀, Yukana ni wọ́n gbé wọlé.

Táíwò tó wà ní London

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà Tomino díẹ̀. Àdùkẹ́, o mọ bí ti tẹlifíṣọ̀n ṣe parí: Kamille pa Scirocco, olórí ọ̀tá, orí Kamille sì dàrú. Nínú fíìmù kẹta, orí rẹ̀ pé, òun àti Fa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wà pọ̀. Bí ọmọ náà bá máa là á já, wọn kò lè di gbogbo ẹrù ìbànújẹ́ yẹn lé e lórí. Lójú tèmi, ìdí tí wọ́n fi fo Kilimanjaro nìyẹn. Wo ìkẹta, jọ̀ọ́. Mo sunkún níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Zeta

Táíwò, o ṣeun, ìyẹn yé mi, màá sì wò ó nítorí Kamille. Àmọ́ ta ló máa gbèjà Char? Ní Dakar ló ti gba iṣẹ́ bàbá rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, iṣẹ́ tó ti ń sá fún. Nínú fíìmù Char's Counterattack ti 1988, ọkùnrin kan náà ló fẹ́ ju Axis, òkúta ńlá ojú òfurufú, lu ayé. Ìdí tí ìyẹn fi dùn mí ni pé mo ti gbọ́ ohun tó sọ ní Dakar, mo sì gbà á gbọ́. Yọ Dakar kúrò, kò ju awakọ̀ kan tó wọ dígí dúdú lọ. Délé, ohùn tí wọ́n pààrọ̀ dùn mí, àmọ́ mo lè fara dà á. Èyí ni n kò lè fara dà.

Bọ́lá Tuntun

Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni mo wò. Mo rò pé Char kàn ń bá wọn jà lásán ni, n kò mọ̀ pé ó dúró níwájú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé Dakar wà nínú ìtàn náà. Ẹ̀písóòdù wo ni?

Ẹ̀gbọ́n Mẹ́ka

37. Àmọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 35, kí o bá Four ní Kilimanjaro.