Báwo ni kí n ṣe to ìtàn ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín láti Àkúrẹ́. Mo ń ṣe pátákó ìtàn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà ni Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1960, tí ààrẹ sì rọ́pò ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1963. Ọjọ́ náà lọ́dún 1979 ni àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, tí Adékúnlé Ajáṣin di gómìnà wa, kí wọ́n tó yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó lọ́dún 1996. Bí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ 1996, ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Adó-Èkìtì bi mí bóyá ọjọ́ ayọ̀ ni tàbí ọjọ́ ìpínyà, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n tò ó bí ọdún ṣe tẹ̀ léra ni, àbí kí ìtàn ilé ṣáájú, bí ọkàn mi ṣe ń fẹ́? Kí sì ni kí n dá ọmọ náà lóhùn?