Èsì lórí "ìmọlérírì": kí ni ilé ń wá láàárín mọ̀ àti rírì?

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tọ ipasẹ̀ wọn, mo kí yín. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n kan mú wá, pé kí a máa pe mímọ iyì ilẹ̀ baba ẹni láti òkè òkun ní "ìmọlérírì", kí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sì máa jẹ́ "amọlérírì". Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò bá etí mu rárá.

Wọ́n ní "ìbanilórúkọjẹ́" àti "agbanilà" ni àwọn wò kọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, èyí tó ṣe é là sí méjì, ni "bà… jẹ́" àti "gbà… là", àbọ̀ sì ní àyè tirẹ̀ láàárín wọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. "Rírì" kì í ṣe ìṣe, ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Ẹ̀yán rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń fi kún ìtumọ̀ rẹ̀, ni "ilé" jẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. A ń sọ pé "ó mọ rírì mi". Ta ló ti gbọ́ "ó mọ̀ mí rírì" rí? "Ìmọrírì ilé" wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ìyá wa tó dáhùn pé "àárò ilé" ti tó náà kò tíì yí mi lọ́kàn padà. Nínú "àárò ilé ń sọ mí", àárò ni olùwà, èmi ni àbọ̀, gẹ́gẹ́ bí ebi ṣe ń pa ni. Ẹni tí àárò ń sọ lè jókòó sínú yàrá kó máa sunkún láìpe ẹnikẹ́ni nílé lórí fóònù. Mímọ iyì ilé ní ọwọ́ èèyàn nínú, àwọn àgbà sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un: rántí ilé. Bí wọ́n bá ní "Lágbájá kò rántí ilé mọ́", kì í ṣe pé ó ti gbàgbé orúkọ ìlú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kì í fi nǹkan ránṣẹ́, kì í béèrè ẹni tó bímọ, kò wá síbi òkú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì lè kí àgbà lédè baba wọn. Nítorí náà, "ìrántílé" àti "arántílé" ni mo fara mọ́, kí ohùn òkè má sì ṣe kúrò lórí "tí". Ẹni tó fẹ́ "olùrántílé" lè máa lò ó, bó tilẹ̀ gùn lásán.

Ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú jù ni ti ẹni tó sọ pé ará òkè òkun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, Freetown ní Sàró (Sierra Leone) ló ti di òmìnira ní 1822, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde ní 1843, nígbà tí kò tíì padà wá gbé láàárín wa. Àwọn ará wa tó wà ní Sàró nígbà náà ń kí ara wọn ní "ẹ kú" àti "o kú" tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi kíkí náà pè wọ́n ní Akú. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìrántílé, kí ẹni náà sọ ohun tó jẹ́ fún mi.

Ó ku ti ẹni tó ní "ilẹ̀" ni kí a fi parí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé orílẹ̀-èdè tóbi ju ilé lọ. Ẹni tó ń padà bọ̀ láti Amẹ́ríkà kì í sọ pé òun ń lọ sílẹ̀. Ilé ló ń lọ. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rí mìíràn, kí wọ́n mú un wá.