Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ méjì, bátìrì wọn ti kú: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Adérónkẹ́
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ méjì ló wà níwájú mi. Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún 1993, ara bátìrì rẹ̀ kọ Ni-Cd (nickel-cadmium) 12V, 1700mAh (mAh ni iye iná tó lè gbà). Èkejì jẹ́ ThinkPad ọdún 1999, tirẹ̀ kọ Li-ion (lithium) 10.8V, 3200mAh. Tí wáyà iná bá wà lára wọn, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ṣe fà á yọ báyìí, ó parí. Ti 1993 kì í rántí ọjọ́, kì í sì í rántí hard disk inú rẹ̀, àfi kí n tún tò ó. ThinkPad ní tirẹ̀ máa ń kọ 161 àti 163 sójú.

Ṣé àwọn bátìrì yìí ṣì ṣeé jí? Ṣé mo lè ra sẹ́ẹ̀lì lithium 18650 tuntun kí n tò ó sínú méjèèjì? Tí mo bá sì fẹ́ gbé wọn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, báwo ni kí n ṣe tọ́jú wọn?

Ọ̀gá Mítà
Ẹ fi bátìrì ńlá sílẹ̀ ná. Èyí tó ń pa láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó fara pamọ́ sínú ni. Ẹ tú ti 1993 lónìí.

Ohun tí ó fi ń gbàgbé hard disk ni pé bátìrì kékeré tó ń gbé ìrántí rẹ̀ ti kú. Nínú ẹ̀rọ ìgbà yẹn, Ni-Cd 3.6V ló sábà máa ń jẹ́: sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, 1.2V ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi ike aláwọ̀ búlúù tàbí ewé wé pọ̀, tí wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Tó bá ti pẹ́, ẹnu rẹ̀ á là, omi potassium hydroxide tó ń jẹ bàbà á sì máa jò jáde díẹ̀díẹ̀. Kì í dúró sójú kan. Ó ń tọ ojú bàbà lọ, ó ń wọ abẹ́ àwọ̀ ewé tó bo bọ́ọ̀dù, ó sì ń gba inú àwọn ihò tíntìntín bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ lè rí ojú bọ́ọ̀dù kó mọ́ tónítóní, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹrà.

Ẹ fi ẹ̀mú agéwáyà gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gé méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí irin ẹ̀mú á so pọ́sítíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù. Tí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun tàbí àwọ̀ ewé lára bàbà, ó ti jò nìyẹn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ kan fínígà funfun síbẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun yẹn á hó ṣìì; tí kò bá hó mọ́, ẹ dúró. Ẹ má jẹ́ kí fínígà pẹ́ lójú bọ́ọ̀dù ju ìṣẹ́jú méjì lọ, torí òun náà ń jẹ bàbà. Ẹ fi omi distilled (omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú) ṣàn án dáadáa, ẹ tún fi ọtí isopropyl 99% ṣe é kó lè yára gbẹ, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wálé Síkúrù
Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Mítà rí bẹ́ẹ̀. Kí n kàn fi kún un pé fínígà wà fún bátìrì tí potassium hydroxide ń jò nínú rẹ̀, bíi Ni-Cd àti NiMH (nickel-metal hydride, tó jọ Ni-Cd). Bátìrì olójé, ásíìdì ló ń jò níbẹ̀, baking soda tí a pò mọ́ omi ló ń pa á. Ẹni tó bá da fínígà sí i, iyọ̀ ló fi ń kún ọbẹ̀ tó ti níyọ̀.

Tí ẹ bá sì ti ṣí i tán, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí ẹja, pàápàá nígbà tí irin ìjólẹ́ẹ̀dì bá kan ojú ibẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ bátìrì. Àwọn capacitor (ohun tó ń gba iná pamọ́ fúngbà díẹ̀) kéékèèké onírin fàdákà ló ń jò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má di ẹ̀rọ náà padà láìwò wọ́n.

Adérónkẹ́
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti tú u. Búlúù ni lóòótọ́, àwọ̀ ewé sì wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ṣé kí n jó CR2032, bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bí owó ẹyọ, sí ipò rẹ̀?

Ọ̀gá Mítà
Rárá o! Ẹ̀rọ yẹn ń ti iná padà sínú bátìrì yẹn nígbàkigbà tó bá wà lórí iná. CR2032 kì í gba iná padà. Yóò wú, ó sì lè bẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra NiMH 3.6V, 80mAh, kí ẹ jó o mọ́ wáyà tó gùn tó 15cm, kí ẹ wé e, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí bọ́ọ̀dù, kó má lè ba nǹkan kan jẹ́ bó tilẹ̀ jò lọ́jọ́ iwájú. Tàbí kí ẹ lo CR2032 pẹ̀lú diode Schottky, bíi BAT85, tí yóò jẹ́ kí iná jáde ṣùgbọ́n tí kò ní jẹ́ kó wọlé. Diode á jẹ díẹ̀ nínú 3V yẹn, àwọn ẹ̀rọ kan kò sì ní gbà kó kéré tó bẹ́ẹ̀. Èmi á yan NiMH.

Nọ́ńbà cylinder, head àti sector hard disk náà, tí ẹ ó fi tún tò ó, ẹ wo ara rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ láptọ́ọ̀pù.

Ìyá Ẹ̀rọ
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí bátìrì ńlá ti 1993. Ẹ má fi 18650 síbẹ̀, Àǹtí Adérónkẹ́. Ṣájà tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn, Ni-Cd ló mọ̀. Bí Ni-Cd bá kún, fóltì rẹ̀ á já wálẹ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ á sì gbóná. Àmì yẹn tàbí aago ni irú ṣájà bẹ́ẹ̀ ń wò láti mọ̀ pé ó tó. Lithium kì í fún un ní àmì fóltì tó já yẹn. Ṣájà á máa ti iná wọlé, sẹ́ẹ̀lì á kọjá 4.2V, ó sì lè gbiná.

12V túmọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá. Ẹ fi abẹ pẹlẹbẹ tọ ojú ìlẹ̀pọ̀ ike rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹ má ki abẹ wọlé ju 2mm lọ. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ fi rúlà wọn sẹ́ẹ̀lì kan: tó bá fẹ̀ tó 22mm, tó ga tó 43mm, sub-C ni, tó bá fẹ̀ tó 17mm, tó ga tó 67mm, 4/3A ni. Ẹ ra mẹ́wàá tí wọ́n jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí wọ́n ti jó tẹ́ẹ́rẹ́ nickel mọ́ lórí. Ẹ má jó lẹ́ẹ̀dì sí ojú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ooru á ba rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀ jẹ́, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Tí ẹ bá rí Ni-Cd, ẹ lò ó. NiMH náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n àmì kíkún tirẹ̀ kéré ju ti Ni-Cd lọ, ṣájà àtijọ́ lè má rí i. Thermistor (ohun tó ń wọn ooru) àti fíùsì ooru tó wà nínú bátìrì yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ dá wọn padà kí wọ́n fara mọ́ sẹ́ẹ̀lì gan-an, kí wọ́n má rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi 170mA ṣáàjì rẹ̀ níta láptọ́ọ̀pù fún wákàtí 14 sí 16.

Káyọ̀dé
Ẹ má bínú o. Kí wọ́n tó tú u, ṣé wọn ò kọ́kọ́ lò ó títí yóò fi kú pátápátá, kí wọ́n tún ṣáàjì rẹ̀? Mo gbọ́ pé bí wọ́n ṣe ń wẹ Ni-Cd mọ́ nìyẹn.

Ìyá Ẹ̀rọ
Káyọ̀dé, "kú pátápátá" yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá kò lágbára dọ́gba. Èyí tó bá kọ́kọ́ tán, àwọn mẹ́sàn-án yòókù á máa ti iná gba inú rẹ̀ kọjá, pọ́sítíìfù rẹ̀ á di nẹ́gétíìfù. Bó bá ti yí bẹ́ẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. 1V fún sẹ́ẹ̀lì kan ni òpin, ìyẹn 10V fún odindi. Bátìrì tí kò ti mú iná dání láti ọjọ́ pípẹ́, ìwẹ̀ kankan ò lè jí i.

Wálé Síkúrù
Ó ku ThinkPad. 161 àti 163 kò le: 161 ni pé bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, 163 ni pé ọjọ́ àti aago kò sí. Ẹ wá bátìrì pẹlẹbẹ tó ní wáyà pupa àti dúdú pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an pààrọ̀, ẹ to ọjọ́. Ó tán.

Ti ńlá ló gba sùúrù. 10.8V, 3200mAh, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 18650 mẹ́fà, méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta. Ẹ fi mítà wọn méjì-méjì náà. Èyí tó bá ti wà lábẹ́ 2V, ẹ má gbìyànjú láti jí i. Bàbà inú rẹ̀ ti yọ́ díẹ̀ sínú omi rẹ̀. Tí ẹ bá ti iná wọlé, bàbà yẹn á hù bí ẹ̀gún, á sì so ojú méjèèjì pọ̀ nínú. Èyí tó bá sì ti wú, ẹ má tilẹ̀ tú u. Ẹ gbé e síta, kó jìnnà sí ohun tó lè jó, títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń gba bátìrì tó ti kú.

Ní tòótọ́, tó bá jẹ́ tèmi, n ò ní kọ́ bátìrì yẹn. Bọ́ọ̀dù kékeré inú rẹ̀ ń ka iye iná. Nínú àwọn kan, bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, á ti ara rẹ̀ pa, kò sì ní ṣí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ fi iná mìíràn dì í mú kó tó yọ ti àtijọ́, kó so tuntun láti nẹ́gétíìfù gòkè, kí fóltì gbogbo sẹ́ẹ̀lì sì dọ́gba. Ẹ yọ bátìrì yẹn, ẹ máa fi wáyà lò ó.

Ọ̀gá Mítà
Lórí oṣù mẹ́fà yẹn: ẹ yọ bátìrì kúrò lára ẹ̀rọ, Ni-Cd lè sùn lófìfo. NiMH, ẹ ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí oṣù mẹ́fà náà tó pé. Lithium tó bá ṣì dára, ẹ fi í sí nǹkan bí ìdajì, 3.7V sí 3.8V fún sẹ́ẹ̀lì kan, níbi tó tutù tó sì gbẹ, kí ẹ máa wò ó lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Olójé náà kò gbọ́dọ̀ sùn lófìfo láé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní láptọ́ọ̀pù Apple, Macintosh Portable ọdún 1989, fi ń jìyà: bátìrì olójé 6V ló ń lò, tí bátìrì yẹn bá sì ti kú, wáyà iná nìkan kì í tan án. Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù TRS-80 Model 100 ti 1983, kó yí bọ́tìnnì ìrántí tó wà lábẹ́ rẹ̀ pa, kó sì yọ AA mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Adérónkẹ́
Mo ti fọ̀ ọ́, ó ti gbẹ. Mítà kò dún lórí ìlà bàbà kan nítòsí ibi tí bátìrì wà.

Ọ̀gá Mítà
Ìlà ti já nìyẹn. Ẹ rọra fi abẹ ha àwọ̀ ewé kúrò lójú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó 3mm, títí bàbà yóò fi máa dán. Tó bá dúdú, ẹ ṣì ha síwájú, lẹ́ẹ̀dì kì í mú bàbà dúdú. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì bo ojú méjèèjì, ẹ jó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ 30 AWG kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó tan án, ẹ fi mítà wo àárín 5V àti ground (ìlà nẹ́gétíìfù). Tó bá dún, méjèèjì ti so pọ̀ nìyẹn, ẹ má fi iná sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ wá.